Bí A Ṣe Lè Ní Ìlera àti Okun ní Àwọn Oṣù Òtútù

Bí ìgbà òtútù bá wọlé, òtútù ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi: òun ni wọ́n ní ó ń mú àárẹ̀ wá, òun ni ó ń jẹ́ kí oorun kùn wọ́n lọ́sàn-án gangan, òun ni ó ń fa ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí kì í tán nílé. Ó jẹ̀bi díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń pa okun ènìyàn jù ni òkùnkùn. Aṣọ lè gba ènìyàn lọ́wọ́ òtútù. Kò sí aṣọ tí ó lè gbà á lọ́wọ́ àìrí oòrùn. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí, lẹ́yìn ìmúrasílẹ̀, fi kọ́kọ́ dúró lórí ìmọ́lẹ̀ kí ó tó kan oorun, ìrìn, oúnjẹ, ilé àti aṣọ, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ àìsàn sí ìgbẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀, kí ó di ìgbésẹ̀ kejì mú ṣinṣin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ìmúrasílẹ̀ kí òtútù tó dé

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ní ìdajì ayé ti àríwá, oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni òtútù máa ń mú jù, nítorí náà oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni ìgbà ìmúrasílẹ̀. Ní ìdajì ayé ti gúúsù, níbi tí òtútù ti ń mú láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ, oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe ni gbígba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn gágá, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fúlúù. Ara nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà kí ààbò tó péye, nítorí náà ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí gbogbo ará ilé ti ń wúkọ́ ti pẹ́ jù. Ọdọọdún ni a ń gbà á, nítorí pé kòkòrò àrùn náà máa ń yí padà, ààbò tí abẹ́rẹ́ èṣí fúnni sì ti máa ń dínkù. Àwọn àgbàlagbà, aláboyún, ọmọdé àti àwọn tí ó ní àìsàn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ fée ni kò yẹ kí wọ́n fi falẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn èyí, kí ènìyàn wò ó bóyá oògùn tí ó ń lò lójoojúmọ́ tó, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yẹ ẹ̀rọ amúlégbóná wò. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé lọ́dọọdún ni ó máa ń rẹ òun ju bí ó ti yẹ lọ lè fi àsìkò yìí lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìṣedéédéé ẹṣẹ́ ọ̀fun tí à ń pè ní thyroid máa ń fara jọ àárẹ̀ ìgbà òtútù débi pé ènìyàn lè máa dá ojú ọjọ́ lẹ́bi fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀

Aago kan wà nínú ọpọlọ tí ó ń darí ìgbà tí ènìyàn yóò sùn àti ìgbà tí yóò jí, ìgbà tí ebi yóò pa á àti ìgbà tí ara rẹ̀ yóò gbóná tàbí tutù díẹ̀. Aago yìí kì í bá wákàtí 24 mu régí fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ojú wọlé ní òwúrọ̀ ni ó ń tún un tò lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ a máa tú melatonin jáde, èyí tí ó ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì kan ojú, ìtújáde náà a dẹ́kun. Ní ibi tí ó jìnnà sí agbedeméjì ayé tó ìwọ̀n 50 (latitude, èyí tí máàpù fi ń wọn bí ibì kan ṣe jìnnà sí agbedeméjì náà), ọjọ́ tí ó kúrú jù lọ́dún, èyí tí ó máa ń bọ́ sí 21 tàbí 22 oṣù Kejìlá ní àríwá, kì í ní ju bíi wákàtí mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ lọ. Ní ìwọ̀n 60, kì í pé wákàtí mẹ́fà. Ẹni tí ó bá jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó ṣiṣẹ́ nínú yàrá, tí ó sì padà sílé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, lè má fojú kan oòrùn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, aago inú rẹ̀ kò sì ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lù.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn rò pé iná ilé tó. Ojú máa ń tàn wá jẹ níhìn-ín, nítorí pé kíá ni ó ń bá ìmọ́lẹ̀ èyíkéyìí mu. Lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀: iná inú ilé tàbí ti ọ́fíìsì kì í sábà ju lux 100 sí 500 lọ, ṣùgbọ́n ìta gbangba, kódà nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, sábà máa ń ju 1,000 lọ, ó sì lè dé 10,000, ibi tí oòrùn ti ràn gan-an lè kọjá 50,000. Ẹni tí ó sọ pé òun kò jáde nítorí pé oòrùn kò yọ lónìí ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ohun tí a ó ṣe nìyí. Láàárín wákàtí kan tàbí méjì tí a bá jí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí a jáde síta fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. A kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ oòrùn. Kí a ṣáà ti wà níta, kí ojú ọ̀run má sì fara sin fún wa. Bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́ nígbà tí a ń lọ síbi iṣẹ́, kí a ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ lọ́sàn-án. Kí a gbé àga wa sún mọ́ fèrèsé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé bí a ṣe ń kúrò lẹ́bàá fèrèsé náà ni ìmọ́lẹ̀ ń já wálẹ̀ kíákíá, tí ó fi jẹ́ pé díẹ̀ kíún ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sí àárín yàrá.

Fún àwọn tí èyí kò tó, iná pàtàkì kan wà tí a ṣe fún iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1984 ni oníṣègùn ọpọlọ Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó ń wá pẹ̀lú ìgbà òtútù, tí ó sì ń lọ nígbà tí ọjọ́ bá tún gùn, wọ́n sì dábàá pé ìmọ́lẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ gan-an lè dín in kù. Iná tí a ń lò báyìí máa ń fúnni ní lux 10,000. Iwájú ni a ó gbé e sí, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ní ibi tí kò jìnnà ju èyí tí ìwé rẹ̀ sọ lọ, tí ó sábà máa ń jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí 60. A ó máa jẹun tàbí kàwé níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá lò ó ní ìrọ̀lẹ́ ń ba oorun ara rẹ̀ jẹ́. Kí a yan irú èyí tí ó ń sẹ́ ìtànṣán ultraviolet kúrò, nítorí pé ìtànṣán náà ń pa awọ àti ojú lára. Àwọn tí ó ní àrùn ojú, àwọn tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí awọ gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, àti àwọn tí ó ní àìsàn ọpọlọ tí ń gbé inú ènìyàn dùn kọjá ààlà kí ó tó tún gbé e ṣubú, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tan iná náà rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Oorun

Pé ọjọ́ kúrú kò túmọ̀ sí pé kí àgbàlagbà máa sùn fún wákàtí mọ́kànlá. Wákàtí méje sí mẹ́sàn-án ni ó tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lóru, ìbáà jẹ́ ìgbà òtútù tàbí ìgbà ooru. Ohun tí mo kà sí ju iye wákàtí lọ ni pé kí a máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, títí kan òpin ọ̀sẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó sùn di ọ̀sán lọ́jọ́ Àìkú ti fi òwúrọ̀ tí àyè gbà á láti rí oòrùn ṣòfò. Kí a dín iná ilé kù ní bíi wákàtí méjì kí a tó lọ sùn, kí yàrá náà sì tutù díẹ̀, nítorí pé ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí oorun tó wọra. Ìwọ̀n 16 sí 19°C bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu, ṣùgbọ́n kí yàrá àwọn arúgbó àti aláìsàn má rẹlẹ̀ sí 18. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń tutù lè wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ó máa ń jẹ́ kí oorun tètè gbé ènìyàn lọ.

Nínú ife kọfí kan, bí ìdajì kaféènì rẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ara lẹ́yìn wákàtí márùn-ún. Ife tí a mu ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ láti fi lé àárẹ̀ lọ ni ó ń bí àárẹ̀ ọjọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìrìn àti eré ìmárale

Ẹni tí ó rẹ̀ kì í fẹ́ rìn, ẹni tí kì í rìn a sì máa rẹ̀ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìmárale tí ó mọ níwọ̀n, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, kí ó sì máa ṣe èyí tí ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Iye náà lè dẹ́rù bani nígbà tí atẹ́gùn tútù bá ń fẹ́ níta, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún, ti pé 150. Bí a bá ṣe ìrìn náà nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ìgbésẹ̀ méjì ni a ti ṣe pọ̀. Ní ọjọ́ tí ìta kò bá ṣeé yọjú sí, a lè máa gun àtẹ̀gùn ilé sókè sódò, a lè máa dìde lórí àga kí a tún jókòó láìfi ọwọ́ ti ohunkóhun, ní ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá, a sì lè dúró kí a máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri.

Kí a kọ́kọ́ mú ara gbóná nínú ilé kí a tó jáde. Òtútù máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìfúnpá a sì lọ sókè, ọkàn a wá máa ṣe iṣẹ́ tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà ni kíkó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà fi léwu fún ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn tàbí tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára tẹ́lẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn tí ó ní ikọ́ fée, kí wọ́n fi síkáàfù bo imú àti ẹnu, kí afẹ́fẹ́ lè gbóná díẹ̀ kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, kí oògùn fífà símú wọn sì wà lápò. Lórí omi dídì, ìṣísẹ̀ kékeré ni kí a máa gbé, kí àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ọwọ́ má sì sí nínú àpò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Oúnjẹ, omi àti fítámì D

Nígbà tí ọjọ́ bá kúrú, oúnjẹ aládùn àti oníyẹ̀fun ni ó máa ń wu ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ṣúgà inú rẹ̀ a gbé ènìyàn dìde fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a já a sílẹ̀, oorun a sì tún máa kùn ún. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fi ebi pa ara rẹ̀. Kí ó ṣáà rí i pé èròjà amúaradàgbà, bí ẹyin, ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà, kò wọ́n nínú oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀, ìfẹ́ àjẹkún aládùn náà yóò sì rọlẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ní èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ara kì í rí i fà dáadáa bí kò bá sí fítámì C lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èso bí ọsàn, tàbí tòmátì, ń ṣí ọ̀nà fún un. Tíì àti kọfí ń dí ọ̀nà náà, kí a má sì mu wọ́n mọ́ oúnjẹ.

Omi ni a máa ń gbàgbé jù. Òtútù máa ń dín òùngbẹ kù, ó sì ń mú kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ilé tí a mú gbóná ń fa omi ara. Kí a máa wo àwọ̀ ìtọ̀: bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi tó, bí ó bá ṣókùnkùn, kò tó.

Ọ̀rọ̀ fítámì D gùn díẹ̀. Ara ń ṣe é fúnra rẹ̀ nígbà tí ìtànṣán UVB, tí í ṣe irú ultraviolet kan, láti inú oòrùn bá kan awọ, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí ó jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn ìgbà òtútù máa ń rẹlẹ̀ ní ojú ọ̀run débi pé UVB tí ó ń dé ilẹ̀ kò tó nǹkan. Oòrùn òwúrọ̀ tí a yìn ní ìgbésẹ̀ kejì wúlò fún aago ọpọlọ. Kò wúlò fún fítámì D ní irú ibẹ̀. Awọ dúdú sì nílò oòrùn ju awọ funfun lọ kí ó tó ṣe iye kan náà, nítorí náà àwọn adúláwọ̀ tí ń gbé ní ilẹ̀ olótùútù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dámọ̀ràn máíkírógíráàmù 10, tí wọ́n lè kọ sára ìgò gẹ́gẹ́ bí 400 IU, lójúmọ́ ní àwọn oṣù tí oòrùn kò mú. Òṣùwọ̀n ti Amẹ́ríkà jẹ́ 15 fún àgbàlagbà títí dé ọdún 70, àti 20 fún ẹni tí ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Kí a má kọjá 100 lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ni ó sọ ọ́, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ ń mú kí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ní ti fítámì C oníhóró, kì í dá ọ̀fìnkìn dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó ń lò ó déédéé lè tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀; ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí imú ti ń ṣàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èrè kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ilé àti aṣọ

Lọ́sàn-án, kí inú ilé má rẹlẹ̀ sí 18°C. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ nìyẹn. Bí ó ti wù kí òtútù mú tó, kí a ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀méjì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí afẹ́fẹ́ tí gbogbo ará ilé ti mí sínú rẹ̀ lè jáde. Ooru tí ó bá a lọ kì í pẹ́ padà, nítorí pé ògiri àti àwọn ẹrù ilé ṣì gbóná.

Ewu tí ó burú jù nínú ilé kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn: èyí ni gáàsì carbon monoxide, tí ó ń jáde lára ohunkóhun tí ń jó tí kò sì rí afẹ́fẹ́ tó. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àìlera ni àmì rẹ̀, tí ènìyàn lè pè ní fúlúù. Àmì kan tí ó yẹ kí ó ta wá lólobó ni pé gbogbo ará ilé ni ó ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ara wọn a sì fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde. A kò gbọdọ̀ dáná èédú nínú yàrá, a kò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé tàbí lẹ́bàá fèrèsé, ó sì yẹ kí ilé gbogbo tí a ti ń dáná tàbí tí a ti ń lo ẹ̀rọ amúlégbóná tí ń jó epo tàbí gáàsì ní ẹ̀rọ tí ń ké nígbà tí gáàsì yìí bá wà. Bí ó bá ké, kí gbogbo ènìyàn jáde kí wọ́n tó pe ìrànlọ́wọ́.

Ní ti aṣọ, ìpele mẹ́ta sàn ju kóòtù ńlá kan lọ. Èyí tí ó kan ara gbọ́dọ̀ lè fa òógùn kúrò, bí irun àgùntàn tàbí poliẹ́sítà. Aṣọ òwú máa ń mu òógùn, a sì tutù mọ́ ènìyàn lára. Èyí tí ó wà láàárín ni ó ń pa ooru mọ́, èyí tí ó wà lókè ni ó ń dá atẹ́gùn àti òjò dúró. Ìbọ̀wọ́ tí ó kó àwọn ìka pọ̀ sójú kan ń gbóná ju èyí tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ. Ọtí kì í ṣe aṣọ: ó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ, ènìyàn a rò pé òun ń gbóná, nígbà tí ó jẹ́ pé ooru inú rẹ̀ ni ó ń sá jáde.

Ìgbésẹ̀ keje: Àrùn tí ń ràn

Kòkòrò àrùn ni ó ń fa ọ̀fìnkìn àti fúlúù, kì í ṣe òtútù. Ṣùgbọ́n òtútù máa ń kó ènìyàn jọ sínú yàrá tí a ti pa, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń jẹ́ kí kòkòrò fúlúù pẹ́ láyé. Kí a máa fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, pàápàá kí a tó jẹun àti nígbà tí a bá tìta dé, kí a má sì máa fi ọwọ́ pa ojú àti imú. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí a wúkọ́ sí, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tí ibà ń ṣe, kí ó jókòó sílé. Oògùn apakòkòrò tí à ń pè ní antibiotics kò ràn án lọ́wọ́, nítorí pé kì í pa fáírọ́ọ̀sì, irú kòkòrò tí ó ń fa ọ̀fìnkìn àti fúlúù. Ìsinmi, omi àti oògùn ibà ni ó nílò. Ẹni tí fúlúù lè tètè ṣe léṣe, bí àgbàlagbà tàbí aláboyún, kí ó kàn sí dókítà láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí pé oògùn fúlúù ń ṣiṣẹ́ jù nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìgbà tí ó yẹ kí a wá ìtọ́jú

Bí ẹnìkan bá ń gbọ̀n nínú òtútù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, tí kò sì mọ ohun tí ó ń ṣe mọ́, ooru ara rẹ̀ lè ti bọ́ sábẹ́ 35°C. Kí a pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, kí a gbé e wọlé, kí a bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, kí a sì kọ́kọ́ mú àyà àti ikùn rẹ̀ gbóná. Bí ìka tàbí etí bá kú tí ó sì funfun, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tàbí yìnyín ra á. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò gbóná, ni kí a fi í sí bí a bá ti dé ibi tí kò ti ní tún dì. Àìlèmí dáadáa àti àyà dídùn kò gba ìdúró rárá.

Àárẹ̀ tàbí ìbànújẹ́ tí ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí kò jẹ́ kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tàbí tí ó ń mú un ronú pé ikú sàn, ti kúrò ní ohun tí ìrìn òwúrọ̀ nìkan lè tán. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ rí dókítà. Bí èrò ikú bá sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó wá ìrànlọ́wọ́. Kí ó kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú bí oorun àti oúnjẹ rẹ̀ ṣe yí padà, kí ó sì mú un lọ. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́dọọdún ni ó ń wá ní ìgbà kan náà, dókítà yóò tètè mọ ohun tí ó ń bá a jà, ní ọdún tí ó ń bọ̀, a sì lè ti máa tan iná òwúrọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì kan ṣáájú ọjọ́ tí ó kọ sílẹ̀.